Ọjọ́ tí Láwóyìn Kó Ọ̀wẹ̀ Lọ Síbi Àmù Ekòló

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń gbọ́ tí àwọn àgbà ń pa á lówe pé, “Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú, koko ní í le,” ṣé ẹ tilẹ̀ mọ ohun tó kọ́kọ́ le koko? Àbí ẹ rò pé ṣe ni àwọn àgbà kàn jókòó sídìí ògiri, tí wọ́n ń họ ẹ̀yìn, tí òwe sì já bọ́ sí wọn lẹ́nu bí àgbálùmọ̀? Rárá o. Ẹnì kan ló jìyà kí òwe yìí tó wáyé. Ẹ sún mọ́ ibí, kí n sọ bó ṣe rí fún yín. Ẹni tó bá sì ti ń rẹ́rìn-ín báyìí, kó fi díẹ̀ pa mọ́, a ò tíì dé ibẹ̀.

Ìlú náà ń jẹ́ Ìdàgẹ̀rẹ́. Orúkọ náà bá a mu, nítorí pé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó sí. Bí ọsàn bá bọ́ lọ́wọ́ ọmọdé ní òkè ìlú, ẹni tó ń pọn omi létí odò nísàlẹ̀ ni yóò jẹ ẹ́. Ayé ìgbà náà dùn, ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Kò sí àgbàlá tí kò ní ọgbà ẹ̀fọ́ tirẹ̀. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti dá, òórùn ilẹ̀ tútù àti ti ewé ẹfinrin a gba gbogbo ìlú kan, àwọn àgbà a jáde síta, wọn a kàn máa mí sínú. Ìyàwó ilé tó bá se ọbẹ̀ láìsí ẹ̀fọ́ nínú rẹ̀, ṣe ni àwọn ará ilé á máa bi í bóyá ara rẹ̀ kò yá.

Nínú gbogbo ọgbà ẹ̀fọ́ ìlú náà, kò sí èyí tó tó ti Ìyá Àyọ̀ká. Tẹ̀tẹ̀ rẹ̀ ga ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ, ewé ṣọkọ rẹ̀ fẹ̀ bí etí erin. Àṣírí rẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé, lábẹ́ igi ìyeyè: àmù ńlá kan tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Ìdí àmù náà ti là, kò lè gba omi dúró mọ́, ṣùgbọ́n Ìyá Àyọ̀ká kò jù ú nù. Ó tẹ́ ewé gbígbẹ sí i nínú, ó kó ekòló sí i, ó sì ń bọ́ wọn bí ẹni ń bọ́ ọmọ. Èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ̀fọ́ tó ti rọ, inú àmù ni gbogbo wọn ń lọ. Àmọ́ kò gbọdọ̀ sí ata níbẹ̀, kò sì gbọdọ̀ sí iyọ̀. Ẹni tó bá béèrè ìdí rẹ̀, ìyá á ní, “Lọ bu iyọ̀ sójú ara rẹ wò, kó o padà wá sọ fún mi.” Tó bá ti di oṣù mélòó kan, àwọn ekòló a ti sọ gbogbo rẹ̀ di ilẹ̀dú, ilẹ̀dú tó dú minimini, tó rọ̀ múlọ́múlọ́, tí kò rùn rárá. Ìyẹn ló ń bù sídìí ẹ̀fọ́.

Láràárọ̀, kí ìyá yìí tó fi nǹkan kan ẹnu, á lọ ká ewé kúrò lórí àmù, á bẹ̀rẹ̀, á sì kí wọn.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé mi. Ṣé ẹ jí ire?”

Àyọ̀ká, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, á ní, “Ìyá mi, wọn ò mà létí.”

“Bàbá rẹ náà ò gbọ́ràn dáadáa mọ́. O kì í kí i ni?”

Bẹ́ẹ̀ ni, òótọ́ ni. Etí Bàbá Àyọ̀ká ti wúwo láti ìgbà pípẹ́. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ó wá ku Láwóyìn. Láwóyìn ni agbára, agbára ni Láwóyìn. Ebè tí ọkùnrin mẹ́ta ń kọ lójúmọ́, òun nìkan a kọ ọ́, a sì tún máa wò yíká bóyá ó ku nǹkan. Sùúrù nìkan ni Ẹlẹ́dàá gbàgbé láti bù fún un. Bó bá ki iṣu bọ iná, kò ní jẹ́ kó jinná tó fi máa yọ ọ́. Ó jẹ iṣu tútù títí àwọn ará ilé fi gbà pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ńkọ́? Bí Láwóyìn bá ń sọ àṣírí fún ọ ní òkè ìlú, àwọn tó wà létí odò á máa bá yín dá sí i.

Ọmọkùnrin yìí fẹ́ràn Àyọ̀ká débi pé kò lè sùn. Ohun tó wù ú lára rẹ̀ ni bó ṣe máa ń ṣe nǹkan jẹ́jẹ́. Ohun tó wu Àyọ̀ká lára tirẹ̀ ni pé ó máa ń pa á lẹ́rìn-ín, pàápàá nígbà tí kò gbèrò rẹ̀.

Ní ayé ìgbà náà, kò sí ọkùnrin tó lè fẹ́ ọmọ ọlọ́mọ láìṣiṣẹ́ fún àna. Ọkọ ìyàwó a kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ, wọn a gbé ọkọ́ lé èjìká lọ sóko àna, olúkúlùkù a gba ipa tirẹ̀, wọn a kọ ebè, àna a sì gbé oúnjẹ kalẹ̀. Ọ̀wẹ̀ nìyẹn. Bí ọ̀wẹ̀ bá dára, ìyàwó ti di tirẹ̀. Bí kò bá dára, ó dìgbóṣe. Ìyá Àyọ̀ká ti dá ọkùnrin kan padà rí nítorí pé ó tẹ ìdí tẹ̀tẹ̀ kan mọ́lẹ̀, kò sì tọrọ àforíjì.

Nígbà tó kan Láwóyìn, ó lọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ìyá.

“Ìyá, iṣẹ́ wo lẹ fẹ́ kí n wá ṣe? Ṣé oko ẹ̀gẹ́ ni àbí oko iṣu? Bó bá jẹ́ òkè yìí lẹ fẹ́ kí n ṣí nípò, ẹ ṣáà wí.”

“Dìde, ọmọ mi. Pariwo díẹ̀díẹ̀, adìẹ mi ń sàba. Ilẹ̀dú inú àmù mi ti tó kó. Ìwọ ni kó o wá bá mi kó o.”

“Ilẹ̀dú inú oko wo?”

“Inú àmù, mo ní. Ilẹ̀dú lọ́tọ̀, ekòló lọ́tọ̀. Má pa ekòló mi, má sì fọ́ àmù ìyá mi. Bó o bá ṣe é bó ṣe yẹ, kí ìwọ àti Àyọ̀ká lọ máa múra ìgbéyàwó. Bí àmù yẹn bá fọ́, kódà kí ó jẹ́ etí rẹ̀ ló ṣán, gbé ọkọ́ rẹ kó o máa lọ ilé bàbá rẹ.”

Láwóyìn fẹ́ rẹ́rìn-ín. Àmù kan ṣoṣo! Ó gbójú sókè, ó rí Àyọ̀ká lẹ́nu ọ̀nà lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Àyọ̀ká na ìka sí oòrùn. Lẹ́yìn náà ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́, ó sì rọra ń mú un wálẹ̀, díẹ̀, díẹ̀. Láwóyìn mi orí pé òun ti gbọ́. Ohun tó gbọ́ ni pé: tètè wá kí oòrùn tó yọ, kó o sì da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ pátá.

Ẹ ò rí i pé wàhálà ti bẹ̀rẹ̀?

Ní ọjọ́ iṣẹ́, òwúrọ̀ kùtùkùtù, Ìyá Àyọ̀ká ṣílẹ̀kùn, ó bá ọkùnrin mẹ́sàn-án lójúde, pẹ̀lú ọkọ́ mẹ́sàn-án. Láwóyìn ló ṣíwájú. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́ tó ń jẹ́ Ṣàngódélé ló tẹ̀ lé e, ó ti ká ṣòkòtò dé orúnkún.

“Ẹ kú àárọ̀ o. Oko ta lẹ ń lọ?”

“Ọ̀dọ̀ yín náà la wá, Ìyá.”

“Gbogbo yín?”

“Gbogbo wa.”

“Síbi àmù kan?”

Ṣàngódélé ló dáhùn. “Ìyá, ẹ lọ gbé iṣu yín kaná. Kó tó jinná, a ó ti ṣe tán, a ó ti máa fọwọ́.”

Ìyá wò wọ́n, ó wo ọkọ́ wọn. Ó wọlé lọ, ó gbé iṣu kaná, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́ ilá.

Ní ti Láwóyìn, ìgbà tó dé ìdí igi ìyeyè ló tó rí i pé ọkọ́ kò lè wọ ẹnu àmù. Wọ́n yí àmù ká bí ẹbí tó yí aláìsàn ká. Ọwọ́ ènìyàn kan ṣoṣo ló lè wọ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà ẹnì kan ń ṣiṣẹ́, mẹ́jọ ń wò ó. Ṣàngódélé ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó sì tú ariwo.

“Ó ń yọ̀! Láwóyìn, nǹkan yìí ń yọ̀!”

“Ekòló ni. Kí lo fẹ́ kó máa ṣe?”

“Mo mú ọ̀kan, ó di méjì lọ́wọ́ mi!”

“Ṣé o já a ni? Má já a! Ìyá ní ká má pa wọ́n!”

“Mi ò já a. Méjì ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n wé mọ́ra ni.”

Láwóyìn ò lè fara dà á mọ́. Bí wọ́n bá ń ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan báyìí, irun rẹ̀ á funfun kó tó gbé ìyàwó. “Ẹ tẹ́ ẹní! Ẹ jẹ́ ká dà á sílẹ̀.” Wọ́n tẹ́ ẹní sí ojú gbangba níbi tí òjìji igi kò dé, wọ́n gbé àmù, wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, ilẹ̀dú sì dà yàà. Wọ́n fi àmù lélẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan. Wọ́n wá dúró, wọ́n ń wo ilẹ̀dú, nítorí pé kò sẹ́ni tó mọ ohun tó kàn.

Àgbẹ̀ sì ni wọ́n. Kí ni àgbẹ̀ ń ṣe bó bá rí ilẹ̀ tí kò mọ ohun tó máa fi ṣe? Ó ń kọ ebè ni. Kálukú gba ipa tirẹ̀ bí wọ́n ti ń ṣe lóko àna, kálukú sì fi ọwọ́ kó ilẹ̀dú jọ níwájú ara rẹ̀. Kò pẹ́, ebè kékeré mẹ́sàn-án ti tò lórí ẹní, wọ́n rí ṣóńṣó bí fìlà. Wọ́n dára, ẹ má purọ́ mọ́ wọn. Ṣàngódélé tilẹ̀ fi ewé kan gún orí tirẹ̀.

“A ti kọ ebè tán,” ni Láwóyìn wí. “Ó ku ká tú u, ká fi wá ekòló.”

Kó tó fọwọ́ kan tirẹ̀, àkùkọ dé.

Àkùkọ Ìyá Àyọ̀ká ni. Olóyè ni wọ́n ń pè é, nítorí pé kò sí ibi tó ń gbà kọjá tí kò ní máa wo àwọn ènìyàn láti òkè délẹ̀. Ó yọjú, ó rí ekòló tó ń wọ́ létí ẹní, ó sì ké pe àwọn ìyàwó rẹ̀ bí ẹni pé òun ló pè wọ́n sí àsè.

“Ẹ lé wọn!”

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ gbé ọkọ́ sókè.

“Má lù ú! Adìẹ àna mi ni!”

Àwọn adìẹ ya gba inú ọgbà. Àwọn ọkùnrin ya tẹ̀ lé wọn.

“Ẹ má tẹ ẹ̀fọ́!” Láwóyìn ń ké. “Nítorí ọlá Ọlọ́run, ẹ má tẹ ẹ̀fọ́!”

Ẹ fojú inú wò ó: ọkùnrin mẹ́sàn-án tó sanra bí àràbà, tí wọ́n ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ sáré láàárín tẹ̀tẹ̀, tí wọ́n ká ṣòkòtò sókè bí ìyàwó tó ń sọdá odò. Ṣàngódélé gba apẹ̀rẹ̀ kan, ó dé e mọ́ adìẹ mẹ́ta lórí, ó sì jókòó lé e. Wọ́n kó àwọn yòókù sínú ilé ewúrẹ́. Olóyè nìkan ló ku. Láwóyìn fò mọ́ ọn, Olóyè fò sókè, ó sì bà lé orí àmù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó gbọn ìyẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kejì.

Àmù náà mì.

Ẹ rántí orúkọ ìlú náà o.

Ó kọ́kọ́ ń yí jẹ́jẹ́, bí àgbà tó ń lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ilé kejì. Nígbà tó kọjá ilé ewúrẹ́, ó ti rántí pé òun ń kánjú. Ìgbà tó fi máa bọ́ sí ojú ọ̀nà odò, kò rí ti ẹnikẹ́ni rò mọ́. Olóyè ti fò bọ́ ní tirẹ̀. Láwóyìn ló ń sáré tẹ̀ lé àmù, tó ń ké sí àwọn tó ń bọ̀ láti odò.

“Ẹ yà o! Ẹ yà! Ìyàwó mi ló ń yí lọ yẹn!”

Àwọn obìnrin yà sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n ń wò yíká bóyá wọ́n á rí ìyàwó.

Nísàlẹ̀ ibẹ̀ ni àpáta wà, létí odò. Láwóyìn rí àpáta náà lọ́ọ̀ọ́kán, ojú rẹ̀ sì ṣókùnkùn. Nínú ọkàn rẹ̀, ó gbọ́ bí àmù ṣe máa dún lórí àpáta: pẹ̀ẹ́. Ó rí ọkọ́ rẹ̀ léjìká ara rẹ̀, ó rí ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀. Ó sáré tí kò sáré rí láyé, ó gba ẹ̀gbẹ́ àmù kọjá, ó yí padà, ó dojú bolẹ̀, ó sì na ọwọ́ méjèèjì síwájú. Àmù gbá kùkùté kan, ó yí ojú padà, ó ya ẹnu, ó sì gbé Láwóyìn mì dé ọrùn.

Àwọn obìnrin na ọrùn kí wọ́n lè rí i.

Lẹ́yìn náà, ohùn kan jáde láti inú àmù, ó ń dún bí ohùn ẹni tó wà nínú kànga.

“Kò fọ́!”

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sáré dé, wọ́n gbá ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. “Ẹ fà á!” Wọ́n fà á. Etí Láwóyìn méjèèjì ká wálẹ̀ bí ewé tí wọ́n fi pọ́n mọ́ínmọ́ín. Ó fẹ́ ké pé, “Ẹ rọra!” ṣùgbọ́n ó ku ekòló díẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ inú àmù lókè ibẹ̀. Bó ṣe lanu, ọ̀kan já bọ́ sí i létè, pẹ̀ẹ́rẹ́. Láwóyìn pa ẹnu dé. Ó di ẹnu náà pinpin.

Ẹ̀yin èèyàn mi, láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Láwóyìn dákẹ́. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì rò pé ó ti ń kú lọ ni.

Ó ń fi ọwọ́ ṣàpèjúwe.

“Ó ní ká fà á sí i!” ni Ṣàngódélé wí.

Wọ́n fà á sí i. Bí wọ́n ti ń fà á tó ni etí ń wú, bí etí ti ń wú ni àmù ń fún mọ́ ọn, koko. Wọ́n mí, wọ́n tutọ́ sọ́wọ́, wọ́n tún fà á, ó tún le koko ju ti àkọ́kọ́ lọ.

“Kò sí ohun tó kù ju ká fọ́ ọ lọ,” ni Ṣàngódélé wí níkẹyìn. “Mú ọkọ́ yẹn wá. Ìdí rẹ̀ kúkú ti là tẹ́lẹ̀.”

Láwóyìn gbọ́ ìyẹn. Ó nara dìde tàmù-tàmù, ó já ara rẹ̀ gbà lọ́wọ́ wọn, ó sì gbéra. Kò ríran o, kò mọ ọ̀nà. Àmọ́ ó mọ̀ pé ibi tó bá ti ga, ibẹ̀ ni ilé Àyọ̀ká wà. Ó dì mọ́ àmù lọ́wọ́ méjèèjì, ó ń sáré gun òkè lọ, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń sáré tẹ̀ lé e pẹ̀lú ọkọ́, àwọn obìnrin odò sì ń tẹ̀ lé wọn, nítorí pé ta ni irú èyí máa ṣẹlẹ̀ lójú rẹ̀ táá tún máa ronú omi?

Ẹni tó kọ́kọ́ kọlù lójúde ni Bàbá Àyọ̀ká, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Bàbá wo ọkùnrin tó ní àmù níbi tó yẹ kí orí wà. Ọmọlúàbí ni bàbá.

“Ẹ kú ẹrù o,” ló wí. “Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kẹ́ ẹ sinmi. Ẹ jọ̀wọ́, ta lẹ ń wá?”

Àmù náà dọ̀bálẹ̀ fún un.

Ìyá Àyọ̀ká jáde, ìgbakọ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àyọ̀ká jáde tẹ̀ lé e, ó wo ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì fi etí ìró di ẹnu ara rẹ̀, èjìká rẹ̀ ń mì. Ìyá kò rẹ́rìn-ín. Ó yí àmù náà po, ó fọwọ́ pa á lára, ó kan ìdí rẹ̀ wò.

“Ta ló wà nínú àmù mi?”

“Láwóyìn ni, Ìyá,” ni Ṣàngódélé wí. “Ó ti há. A fẹ́ fọ́ ọ, ó sá fún wa.”

Ìyá yí padà sí Ṣàngódélé.

“Ó sá fún yín?”

“Bẹ́ẹ̀ ni o. Ó ṣe wá bíi pé ó ti ya wèrè.”

“Jókòó, ọmọ mi,” ni ìyá wí, ohùn rẹ̀ ti rọ̀. “Ẹ̀yin yòókù, ẹ sún sẹ́yìn. Ẹ ti ṣe tó. Àyọ̀ká, gbé omi ilá wá.”

Wọ́n da omi ilá yí ọrùn rẹ̀ ká, wọ́n sì jẹ́ kó máa wọlé fúnra rẹ̀.

“Má fà. Má tì. Ṣáà máa mí.”

Báyìí ni Láwóyìn ṣe jókòó. Nígbà tó fà á tì, tó tì í tì, kò sí nǹkan mìíràn tó kù fún un ju ìjókòó lọ. Òkùnkùn inú àmù yí i ká. Òórùn ilẹ̀dú gbà á nímú, ó sì mọ òórùn náà. Òórùn ẹ̀yìnkùlé ìyá tirẹ̀ ni, ìyá rẹ̀ tó ti kú, nígbà tí òun ṣì kéré, tí òjò bá dá, tí ìyá á ní kóun wá jókòó kóun wo bí ẹ̀wà ṣe ń hù. Kò jókòó wò ó rí. Ṣe ló máa ń hú ẹ̀wà náà láàárọ̀ ọjọ́ kejì láti wò ó bóyá ó ti ń hù. Ìyá rẹ̀ kò nà án. Á kàn tún òmíràn gbìn. Inú àmù yìí ni Láwóyìn ti rántí iye ẹ̀wà tí ìyá rẹ̀ gbìn nítorí òun, ojú rẹ̀ sì kún fún omi, èyí tó jẹ́ pé ó tún mú kí ọrùn àmù yọ̀ díẹ̀ sí i.

Ó wá mọ ìka kan lára etí rẹ̀. Ìka náà tutù, ó rọra ń ká etí ọ̀tún sókè, ó rọra ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ orí. Kò kánjú. Ó kọjá sí ti òsì. Láwóyìn mọ ẹni tó ni ìka náà, kò sì mira. Àmù ṣí kúrò fúnra rẹ̀, yọ̀ọ́, bí ìgbà tí ìyeyè tó pọ́n bá já lórí igi láìsí ẹni tó gbọn ọ́n.

Ìmọ́lẹ̀ dé. Omi ilá ń kán nímú rẹ̀. Etí rẹ̀ méjèèjì nà síta bí ọwọ́ ẹni tó ń gba ọmọ. Ìyá Àyọ̀ká na ọwọ́, ó mú ekòló kan lẹ́yìn etí òsì.

“Ìwọ náà kú àbọ̀,” ló wí fún ekòló.

Láwóyìn dọ̀bálẹ̀. “Ìyá, mo ti ba iṣẹ́ jẹ́. Ẹ dárí jì mí. Ilẹ̀dú yín ṣì wà lórí ẹní, a ò tíì yọ ekòló kan kúrò. Ẹ jẹ́ n gbé ọkọ́ mi.”

“Mo ní kó o lọ ni? Tẹ̀ lé mi.”

Wọ́n dé ẹ̀yìnkùlé. Oòrùn ti ga, ó ń ta sórí ẹní. Ebè kékeré mẹ́sàn-án ṣì wà níbẹ̀ bí wọ́n ṣe fi wọ́n sílẹ̀. Ìyá bẹ̀rẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ gbá orí ebè kan sínú agbada. Ilẹ̀dú lásán ni. Ó tún gbá díẹ̀. Ilẹ̀dú lásán ni, kò sí ekòló kan nínú rẹ̀. Ó dúró díẹ̀, ó tún gbá. Nígbà tó dé ìsàlẹ̀ pátápátá, gbogbo ekòló ti wé mọ́ra sójú kan bí ìdì òwú, ẹyọ ọ̀kan kò sá lọ. Ó fi ọwọ́ méjì gbé wọn, ó sì dá wọn padà sínú àmù.

“Ekòló kì í fẹ́ rí oòrùn,” ni ìyá wí. “Bí o bá kó ilẹ̀dú jọ ṣóńṣó, tó o sì fi í sílẹ̀, ekòló á máa sá lọ sísàlẹ̀ fúnra rẹ̀. Tìrẹ ni kó o máa bu orí ilẹ̀dú, kó o sì máa dúró.”

Láwóyìn wo oòrùn. Ó wo Àyọ̀ká. Àyọ̀ká na ìka sí oòrùn, ó sì tẹ́ àtẹ́lẹwọ́, ó mú un wálẹ̀, díẹ̀, díẹ̀.

“Háà,” ni Láwóyìn wí.

“Ta ló kọ ebè wọ̀nyí?” ni ìyá bi wọ́n.

“Àwa ni, Ìyá.”

“Ẹ ṣeun. Ta ló wá jẹ́ kẹ́ ẹ fi wọ́n sílẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ kọ ọ́ tán?”

Wọ́n wo ara wọn. Ṣàngódélé fọwọ́ họ orí.

“Ká sòótọ́, Ìyá, Olóyè ni.”

“Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣé kí n wá gbé Àyọ̀ká fún àkùkọ ni?”

Ibẹ̀ ni ẹ̀rín wà tí mo ní kẹ́ ẹ fi pa mọ́. Àwọn obìnrin odò rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀. Bàbá Àyọ̀ká náà rẹ́rìn-ín, ó sì bi ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé kí ni wọ́n sọ.

Ìyá gbé ọwọ́ sókè kí wọ́n dákẹ́. “Ẹni tí orí rẹ̀ há, tí ó gbà kí ó há síbẹ̀ kí àmù ìyá mi má bàa fọ́, mi ò ní dá a padà. Sùúrù ni kò ní. Sùúrù sì ṣe é kọ́ lẹ́nu àmù. Láwóyìn, ó ku ebè mẹ́jọ. Ìwọ nìkan ni kó o kó o. Jẹ́jẹ́.”

Láwóyìn jókòó ti ẹní. Ó ń bu orí ebè, ó ń dúró. Ó ń bù, ó ń dúró. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń wò ó, ebi ń pa wọ́n, òórùn iṣu sì ń jáde bọ̀ láti ilé ìdáná.

“Láwóyìn, ṣe kíá!” ni Ṣàngódélé ń wí.

“Fara balẹ̀, jàre,” ni Láwóyìn dáhùn, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó wà létí odò kò gbọ́ ọ.

Nígbà tó kó gbogbo rẹ̀ tán, àmù ti gba ekòló rẹ̀, agbada sì ti kún fún ilẹ̀dú. Ìyá gbé iṣu kalẹ̀. Láwóyìn bu ọ̀kan, ó fi sẹ́nu, ó sì yí ojú sókè, ẹnu yà á.

“Bó ṣe máa ń rí lẹ́nu nìyí? Iṣu?”

“Ó jinná ni,” ni Àyọ̀ká wí.

Ó gbé Àyọ̀ká níyàwó nígbà tí ẹ̀fọ́ tí wọ́n fi ilẹ̀dú ọjọ́ náà gbìn tó já. Ọdún gorí ọdún. Ìyá Àyọ̀ká sùn lọ, igi ìyeyè náà sì gbó, ó wó lọ́jọ́ ìjì kan. Ọgbà púpọ̀ ní Ìdàgẹ̀rẹ́ ti di ilé báyìí. Ṣùgbọ́n títí Láwóyìn fi di arúgbó, bí ẹ bá gba ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ kọjá láàárọ̀, ẹ ó bá a tó bẹ̀rẹ̀ mọ́ àmù kan tí ìdí rẹ̀ là, tó ń fi ohùn jẹ́jẹ́ kí àwọn tó wà nínú rẹ̀ pé, “Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé mi.”

Nígbà tí àwọn ọmọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọkọ́ wá sójúde rẹ̀ nítorí ọmọbìnrin tirẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà nípa ẹ̀sọ̀ àti agbára ló máa ń sọ fún wọn. Bí wọ́n bá ń wò suu, tí kò yé wọn, á kàn na ìka sí etí rẹ̀ méjèèjì, tí kò padà sẹ́yìn mọ́ láti ọjọ́ náà. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àwọn àgbà yòókù ti gbọ́ ọ. Wọ́n sọ ọ́ di òwe, wọ́n sì yọ ọ̀rọ̀ etí kúrò nínú rẹ̀ nítorí àtibọ̀wọ̀ fún un. Èmi kò yọ ọ́.

Nítorí náà, bí ẹ bá tún gbọ́ ọ, ẹ má wulẹ̀ mi orí bí ẹni tó mọ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú, koko ní í le. Bẹ́ ẹ bá sì ń ṣiyèméjì, ẹ lọ sí Ìdàgẹ̀rẹ́, kẹ́ ẹ wo àwọn ọmọ ọmọ Láwóyìn. Ẹ ò ní béèrè ilé wọn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Etí ni kẹ́ ẹ máa wò.